Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: ìgbà tó yẹ kí lọ́yà dá sí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ rírà

Bí ẹ bá bi àwọn lọ́yà tó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ ní Èkó léèrè ìgbà tí àwọn èèyàn máa ń wá wọn, ìdáhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò fún yín: lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ẹni náà ti rí ilẹ̀, ó ti nájà, ó ti fún ajẹ́ǹtì ní tirẹ̀, ó ti gba rìsíìtì, ó wá ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe àgírímẹ́ǹtì. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wá títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dé orí ilẹ̀ wọn tí wọ́n sì bá ẹlòmíràn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ síbẹ̀. Lọ́yà ṣì lè ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ nìkan ló kù tó lè bá wọn rò, ẹjọ́ ilẹ̀ ní Nàìjíríà sì lè gba ju ọdún mẹ́wàá lọ bí ó bá máa dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó owó jọ láti ra ilé mọ̀ ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí lọ́yà lè bá a ṣe, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó máa ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àgírímẹ́ǹtì kíkọ kò tó o. Kò sí bí ìwé ṣe lè dára tó tí yóò fún yín ní ilẹ̀ tí ẹni tó tà á fún yín kò ní. Nítorí náà, ọjọ́ tí ilé tàbí ilẹ̀ kan bá ti wù yín débi pé ẹ fẹ́ san kọ́bọ̀ lé e lórí, ọjọ́ náà ló yẹ kí ẹ pe lọ́yà. Owó tí ajẹ́ǹtì ń pè ní “ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ ká lè bá yín dì í mú” wà nínú kọ́bọ̀ tí mo ń sọ yìí. Owó ìdìmú yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń so ara wọn mọ́lẹ̀, nítorí bí wọ́n bá ti san án tán, ojú máa ń tì wọ́n láti tún béèrè ìbéèrè.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Ilẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń san owó rẹ̀ lọ́jà tó sì ń gbé lọ sílé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni òfin tí wọ́n ń pè ní Land Use Act ti wà. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa bá gbogbo ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ló kù sí ọwọ́ èmi àti ẹ̀yin. C of O, ìyẹn Certificate of Occupancy, ni ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ náà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti ọdún 99. Abala 22 òfin yìí sọ pé ẹni tó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi dúró láti yá owó, láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 26 sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lòdì sí òfin náà, òfo ni.

Àwọn kan rò pé ilẹ̀ tó ti ní C of O nìkan ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kàn. Ní 1989, nínú ẹjọ́ tó wà láàrin Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ó kan ẹni tó ti ní ilẹ̀ ìgboro lọ́wọ́ kí òfin yìí tó dé náà. Báǹkì ya ẹnì kan lówó, ẹni náà fi ilé dúró, kò rí owó san, báǹkì sì fẹ́ ta ilé náà. Ẹni tó yá owó sáré lọ sí kóòtù, ó ní wọn kò gba ìyọ̀ǹda Gómìnà nígbà tí àwọn jọ ṣe ìwé. Kóòtù gbà fún un. Báǹkì lówó, ó ní lọ́yà, síbẹ̀ ìwé ọwọ́ rẹ̀ já sí pàbó. Láti ìgbà náà, àwọn adájọ́ kan ti kọ̀ láti jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ jèrè ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó ilé rẹ̀ dán ìyẹn wò.

Ìdí nìyí tí rìsíìtì àti ìwé tí ẹ̀yin àti ẹni tó tà jọ fọwọ́ sí kò fi tó. Rìsíìtì ń fi hàn pé ẹ sanwó. Bí wọ́n bá ti mú yín dórí ilẹ̀, ó lè fún yín ní ẹsẹ̀ láti dúró lé ní kóòtù. Ṣùgbọ́n láti di onílé tí ẹnikẹ́ni kò lè bi ṣubú, ọ̀nà ṣì jìn.

Ilẹ̀ ìdílé

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí ibí ni ẹkún pọ̀ sí jù. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní etí Èkó, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn ní Mọ́wé àti Ṣàgámù, ilẹ̀ ìdílé ni. Ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Bàbá tí wọ́n mú yín lọ rí, tí ẹ gbé ọtí fún, tó gbàdúrà fún yín pé ẹ ó jẹ ẹran ìṣílé, ó lè jẹ́ olórí ẹbí lóòótọ́. Síbẹ̀ kò ni ilẹ̀ náà ju àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn lọ. Àkóso ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, bí olóògbé bá ní ju ìyàwó kan lọ, ìdí-igi ni wọ́n sábà fi ń pín ogún rẹ̀: ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ka kan, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ní aṣáájú tirẹ̀. Àwọn aṣáájú ẹ̀ka wọ̀nyí ni kóòtù máa ń wò bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé fọwọ́ sí títà ilẹ̀.

Ìlànà tí àwọn kóòtù ń tẹ̀lé lórí èyí ti pẹ́. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó lè jí i. Bí olórí ẹbí bá tà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n tí kò gba ìyọ̀ǹda àwọn aṣáájú ẹ̀ka, títà náà dúró títí àwọn yẹn yóò fi lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Kóòtù sì lè dá wọn láre bí wọn kò bá fi falẹ̀. Bí olórí ẹbí bá wá tà á bí ẹni pé ilẹ̀ ara rẹ̀ ni, òfo ni ìyẹn náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún ẹni tó ń rà: gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ tí bàbá fi ta ilẹ̀, ló lè sọ gbogbo owó yín nù. Ajẹ́ǹtì kò ní rí gbólóhùn yẹn. Lọ́yà tó mọṣẹ́ ni yóò rí i kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí lọ́yà yín bá dé ìdí ilẹ̀ ìdílé, àwọn ìbéèrè tí yóò béèrè lè bí àwọn tó ń tà nínú. Ta ni olórí ẹbí báyìí, ta ló sì fi í joyè náà? Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó ń pe ara rẹ̀ ní olórí? Ẹ̀ka mélòó ni ìdílé náà ní, ta ni ó ń ṣojú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé ìdílé ti yan àwọn kan nínú ìwé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n máa bá àwọn ta ilẹ̀? Bí wọ́n bá ní àwọn gba ìdájọ́, ìdájọ́ dà, plán (àwòrán tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn) tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dà, ṣé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà yìí sì wà nínú plán náà? Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe kókó gan-an. Ìdílé lè jàre ẹjọ́ lóòótọ́ lórí ilẹ̀ kan ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ wọn sì máa fi ìdájọ́ kan náà ta ilẹ̀ tó wà ní òdì kejì odò.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ka sí. Ọ̀pọ̀ àgbààgbà tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ilẹ̀ kò lè ka èdè Òyìnbó tí wọ́n fi kọ ọ́. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé sọ pé ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó tún yẹ kí ìwé fi hàn pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún bàbá ní Yorùbá, tó sì yé e, kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìpínrọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, tí bàbá bá kú ní ọdún márùn-ún sí i, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sọ ni pé bàbá àwọn kò mọ ohun tó tẹ̀. Ẹ kò ní lè jí bàbá dìde láti wá jẹ́rìí.

Bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ náà

Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé látayébáyé, kí ìjọba sì ti gbà á lábẹ́ òfin fún iṣẹ́ ìlú. Ẹ kò lè fi ojú rí èyí. Koríko ló máa wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀, àwọn ará abúlé á sì máa kí yín káàbọ̀. Ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, ní Aláúsá, Ìkẹjà, ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sọ̀fẹ́yọ̀ yín, ẹni tó ní ìwé àṣẹ tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń tà, yóò lọ mú àmì ilẹ̀ náà lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì yẹn láti fi wé máàpù ìjọba. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan da nọ́ńbà kọ láti ara plán tí wọ́n gbé fún un.

Àbájáde yóò sọ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta. Ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba lè ti gbà á ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, nínú èyí tó ṣeé ṣe kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bẹ ìjọba kí wọ́n bá a tún un ṣe. Ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ pátápátá, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní committed. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹta yìí, ẹ kó owó yín padà sápò. Ẹ̀bẹ̀ kankan, ẹ̀dínwó kankan, kò lè tún un ṣe.

Ẹ ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ excision àti gazette. Nígbà tí ìjọba bá ti gba agbègbè ńlá kan, ó lè yọ apá kan nínú rẹ̀ padà fún abúlé tó wà níbẹ̀, kó sì gbé e jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ìwé ìkéde yẹn ni gazette. Ó dára púpọ̀ bí ilẹ̀ yín bá wà nínú rẹ̀. Ìṣòro ni pé ìjọba lè yọ hẹ́kítà díẹ̀ fún abúlé, kí abúlé náà sì ta gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká pẹ̀lú ẹ̀dà gazette kan ṣoṣo yẹn. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé excision “ti wà lọ́nà”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọwọ́ ìjọba ni ilẹ̀ náà ṣì wà lónìí. Ó lè jáde lọ́la, ó sì lè má jáde láéláé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, mo sì mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú náà ló ń fa àwọn tálákà àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra sínú rẹ̀. Àwọn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan là á yé.

Bí ó bá ní C of O ńkọ́?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí C of O bá ti wà, kò sí ohun tí lọ́yà tún ń wá. Ẹ pa èrò náà tì. Àwọn kóòtù ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì wà nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni ti 1990 pé C of O kò lè sọ ẹni tí kò ni ilẹ̀ di onílẹ̀. Bí ẹnì kan bá gba C of O lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, onílẹ̀ gan-an lè ní kí kóòtù fagi lé e. Ẹ̀rí ni C of O, ẹ̀rí tó lágbára ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀nà márùn-ún ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn bí ìdílé ṣe dé orí ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìwé jẹ́ ọ̀kan, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ náà sì jẹ́ ọ̀kan.

Nítorí náà, lọ́yà yóò gba ẹ̀dà C of O náà, yóò lọ sí ibi tí wọ́n ń forúkọ ilẹ̀ sí ní Aláúsá, yóò san owó ìwádìí, yóò sì wo nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba bá ti ẹni tó ń tà mu, bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè báǹkì, àti bóyá ẹnì kan ti kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé kí wọ́n má tà á. Yóò tún wádìí ní kóòtù gíga tó wà ní agbègbè ilẹ̀ náà bóyá ẹjọ́ kan ń lọ lórí rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ń lọ tí ẹ sì rà á, ẹ ti ra ẹjọ́ mọ́ ọn nìyẹn. Ohunkóhun tí kóòtù bá sọ fún ẹni tó tà fún yín ló máa dé bá yín.

Bí orúkọ inú C of O bá jẹ́ ti ẹni tó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè tà á kìkì nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ ogún lọ́dọ̀ ẹ̀ka kóòtù tó ń bójú tó ìyẹn, yálà olóògbé fi ìwé ìhágún sílẹ̀ tàbí kò fi sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń ta ilé fún ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n fún un gbọ́dọ̀ wà, kí lọ́yà yín sì bá ẹ̀gbọ́n náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ilé ni ẹ ń rà, tí kì í ṣe ilẹ̀ lásán, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ní 2023, ìjọba Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé tó wà lójú ọ̀nà omi ní agbègbè Ìkòtá. Ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, òun náà ló máa wà níwájú kátápílà.

Ìwé kíkọ àti owó sísan

Bí ìwádìí bá ti jáde dáadáa, ìgbà yẹn ni àgírímẹ́ǹtì kàn. Ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ jọ fi ṣe àdéhùn: iye tí ẹ máa san, ọjọ́ tí ẹ máa san án, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín bí ẹlòmíràn bá jáde pé òun ló ni ilẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó kọ́kọ́rọ́ tàbí ilẹ̀ fún yín. Ìwé kejì, tí wọ́n ń pè ní deed of assignment, ni èyí tó ń gbé ẹ̀tọ́ láti ọwọ́ wọn sí ọwọ́ yín. Òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà sọ pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà, tó bá gba owó láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀. Nítorí náà, àgírímẹ́ǹtì tí ajẹ́ǹtì tẹ̀ jáde ní ilé ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà kò dára fún yín. Ẹ wo ara ìwé náà: ó yẹ kí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ lọ́yà tó kọ ọ́.

Ẹ san owó sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ má san án sínú àkáǹtì ajẹ́ǹtì tàbí àbúrò onílé. Fún ilẹ̀ ìdílé, ìdílé ni kó sọ nínú ìwé ẹni tí ó gbà pé kó gba owó.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, Houston tàbí Toronto tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà ọ̀tọ̀. Ẹni tó ń bá yín rà á kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni kan náà tó ń yan lọ́yà. Ẹ yan lọ́yà fúnra yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ tààrà, kí ó sì fi àbájáde ìwádìí ránṣẹ́ sí ẹ̀yin gan-an, ní kíkọ sílẹ̀. Orúkọ yín ló gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì, nínú plán àti nínú deed, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò yín ló dúró níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí àìfọkàntán ẹni ẹni. Ṣùgbọ́n àbúrò olóòótọ́ náà lè kú, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ á sì rí ìwé ilẹ̀ tí orúkọ bàbá wọn wà lára rẹ̀. Kí ni ẹ máa sọ fún wọn?

Lọ́yà ta ni?

Nígbà tí ẹ bá ń rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ́sítéètì, wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ní lọ́yà, pé kí ẹ má ṣe ìyọnu. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń san owó oṣù lọ́yà yẹn. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Lọ́yà yín yóò béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ náà ti san owó ìdílé tó tà fún wọn tán, bóyá ìwé ilẹ̀ wà ní orúkọ wọn, àti bóyá LASRERA, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ilé títà ní Èkó, mọ̀ wọ́n. Ìwé tí wọ́n fi yan pílọ́ọ̀tì fún yín kì í ṣe deed.

Ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilẹ̀ ni wọ́n sábà ń béèrè fún iṣẹ́ lọ́yà ní Èkó, ó sì ṣeé bá wọn sọ. Bí owó bá há yín mọ́, ẹ sọ fún lọ́yà pé ìwádìí nìkan ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́ san owó rẹ̀. Lójú tèmi, bí ó bá di dandan kí ẹ yan ọ̀kan, ìwádìí ni kí ẹ yàn. Ẹ má sì gba “mo ti ṣe é, ó dára” lẹ́nu: ẹ gba ìròyìn ìwádìí náà nínú ìwé tó ní orúkọ lọ́yà àti ọjọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe fúnra yín láìsí lọ́yà. Ẹ lọ síbẹ̀ ní àkókò òjò kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Ẹ bá ẹni tó ń ta omi ní ìkòríta sọ̀rọ̀, àti fúlọ̀káníṣà tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà, nítorí àwọn ará àdúgbò mọ ìjà tó wà lórí ilẹ̀ kan tí kò tíì dé ìwé ìjọba kankan.

Lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dáwọ́ dúró. Deed wà lọ́wọ́, wọ́n ti tì í sínú àpótí, wọ́n rò pé ó parí. Ó ku òǹtẹ̀ owó orí ìwé tí àwọn kan ń pè ní stamp duty, ó ku ìyọ̀ǹda Gómìnà, ó ku ìforúkọsílẹ̀. Ìjọba Èkó ti dín àpapọ̀ owó rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n bá fojú díwọ̀n ilẹ̀ náà, èyí tó kéré gan-an sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹni tó tètè forúkọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ló sábà máa ń wà lókè. Lọ́yà tó bá yín kọ deed ló yẹ kó bá yín ṣe èyí parí, ẹ sì jẹ́ kó wà nínú àdéhùn owó yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá dé lẹ́yìn náà tí wọ́n ń béèrè owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, ẹ má kó jàgídíjàgan jọ láti lọ bá wọn jà. Láti 2016 ni Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo dúkìá, tí Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí: ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Òfin náà kò yọ ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá fi tọ́ọ̀gì gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí àwọn tó ń fipá gba ilẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti rà á láìsí lọ́yà, ẹ má dúró de ìjà. Ẹ kó rìsíìtì, plán àti gbogbo ìwé tó bá wà lọ́wọ́ yín jọ, ẹ gbé wọn lọ fún lọ́yà kan ní oṣù yìí, kí ó lọ ṣe ìwádìí tó yẹ kó ti wáyé tẹ́lẹ̀. Bí ìdílé ló tà fún yín, tí àwọn aṣáájú ẹ̀ka kan kò fọwọ́ sí i nígbà náà, wọ́n ṣì lè fọwọ́ sí ìwé tuntun tó gbà pé àwọn mọ̀ nípa títà náà, bí ẹ bá bá wọn láyé. Bí deed bá wà tí kò sì tíì ní ìyọ̀ǹda Gómìnà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí, nígbà tí ẹni tó tà fún yín ṣì wà láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.